Walt Whitman, Akéwì Tí Ó Tú Okùn Lọ́rùn Ewì



Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1819 ni a bí Walt Whitman ní erékùṣù Long Island ní Amẹ́ríkà, ní ilé káfíńtà kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tó ẹnu. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, níbi tí a ti ń fi ọwọ́ to lẹ́tà tí a fi òjé rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ a máa wúwo lọ́wọ́.

Ní 1855, ní Brooklyn, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ Leaves of Grass, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewì méjìlá péré wà nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ewì àwọn Gẹ̀ẹ́sì dà bí ẹṣin tí a so mọ́lẹ̀: a ní láti ka iye sílébù tí ó wà nínú ìlà, òpin ìlà kan a sì sábà máa bá òpin èkejì dún. Whitman tú okùn náà. Ìlà tirẹ̀ gùn bí èémí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá ti gùn tó, ó sì ń dárúkọ ènìyàn lọ bẹẹrẹ, káfíńtà, aṣẹ́wó, ẹrú tí ń sá àsálà, àní títí dé orí ààrẹ, láìfi ẹnì kan ṣe ọ̀gá ẹnì kejì. Ẹni tí a fi oríkì tọ́ kò ní pe èyí ní àjèjì, nítorí àwa kì í ka sílébù kí a tó ki ènìyàn. Orúkọ ni a fi ń lé orúkọ títí orí ẹni tí a ń kì yóò fi wú. Ṣùgbọ́n oríkì a máa gbé ọmọ ìdílé ga nítorí ìdílé rẹ̀. Whitman jókòó ki ẹni tí kò ní ìdílé tí ayé mọ̀.

Ní oṣù Kejìlá 1862, ìròyìn kàn án pé George àbúrò rẹ̀ fara gbọgbẹ́ lójú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní Fredericksburg. Ó wá a lọ, ó bá a láàyè, síbẹ̀ kò yára padà sílé: ó dúró sí Washington, ó ń wọ ilé ìwòsàn àwọn ológun, ó ń gbé èso àti tábà fún àwọn ọmọkùnrin tí a ti gé lẹ́sẹ̀, ó ń bá wọn kọ lẹ́tà sí ìyá wọn, ó ń jókòó ti ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó ti ki gbogbo ayé lórí ìwé wá rí ojú wọn lórí ibùsùn.

Rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní 1873, ó sì kú ní Camden ní 1892, nígbà tí ewì inú Leaves of Grass ti ju 300 lọ.

N kò ní bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀: ó kọ ọ̀rọ̀ tí kò dára nípa àwọn aláwọ̀ dúdú nínú àwọn ìwé rẹ̀ mìíràn. Síbẹ̀, Langston Hughes, akéwì aláwọ̀ dúdú, fẹ́ràn ewì rẹ̀. Nígbà tí Hughes wọ ọkọ̀ ojú omi ní 1923, tí ó ń bọ̀ wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí, ó kó àwọn ìwé tí ó gbé dání dà sínú òkun, àfi Leaves of Grass.