Ojú Ló Ń Ríran Ni, Àbí Ọpọlọ?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ojú ló ń ríran ni, àbí ọpọlọ?

Lọ́dún 1963, David Hubel àti Torsten Wiesel, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì Harvard, l'Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rán ojú kan pa fún ọmọ ológbò. Nígbà tí wọ́n tú u lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹyinjú yẹn ò bàjẹ́, àmọ́ kò wúlò fún ìríran mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó yẹ kó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ bá ojú kejì. Wọ́n ṣe é fún àgbà ológbò, kò mú un. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn lọ́dún 1981.

Ẹ ò rí i pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò?

Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ GABA, tó máa ń pa ariwo inú ọpọlọ mọ́lẹ̀, ló ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ yẹn. Lọ́dún 1998, Takao Hensch àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo eku tí GABA rẹ̀ ò tó: wọ́n dí ojú rẹ̀ kan, ọpọlọ ò yí padà. Ìgbà tí wọ́n fún un ní diazepam, oògùn tó ń ró GABA lágbára, ilẹ̀kùn ṣí. Bí wọ́n bá sì tọ́ ẹranko sínú òkùnkùn, GABA ò ní tètè gbó, ilẹ̀kùn á pẹ́ kó tó ṣí.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Tí kátáráàtì bá bo ojú màmá àgbà fún ọdún mélòó kan, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ, kó tún ríran, torí ọpọlọ rẹ̀ ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ìkókó tí wọ́n bí pẹ̀lú kátáráàtì ò lè dúró bẹ́ẹ̀. Tó bá nípọn lójú kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ làwọn dókítà máa ń fẹ́ ṣe é.

Fóònù yín wúlò níbí. Tẹ́ ẹ bá fi fíláàṣì ya ọmọ, tí ọmọlójú kan pọ́n, tí èkejì funfun, ó lè jẹ́ igun tẹ́ ẹ ti yà á, ó sì lè jẹ́ kátáráàtì tàbí jẹjẹrẹ ojú. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó dìgbà o.