A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ìbéèrè tí a ó gbé yẹ̀ wò lónìí ni èyí: bí owó àtiṣe ọ̀nà bá dé sí Alímọ̀ṣọ́, ta ni ó yẹ kí ó sọ ọ̀nà tí a ó kọ́kọ́ fi ṣe?

Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí a kà ní Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó tó o. Owó ọdún kan kò lè kárí gbogbo òpópónà Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò. Dandan ni kí a to iṣẹ́ náà ní ẹsẹẹsẹ.

Òfin Ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Bí ìdájọ́ yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwáwí yóò dín kù, ẹrù ìpinnu yóò sì wúwo sí i.

Òótọ́ ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ a máa pe ará ìlú sí ìpàdé lórí ètò ìnáwó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni ààyè máa ń gbà láti wá? Olóyè, onílé àti òṣèlú ni. Ìyá aláta Ìkọ̀tún tí ó ti wọkọ̀ lọ sí Máìlì 12 kí ilẹ̀ tó mọ́ kò lè sí níbẹ̀. Onílé yóò bèèrè ọ̀dà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà tí ó já sí ibùdókọ̀ ni ayálégbé ń fẹ́.

Èdè pàápàá lè ti ènìyàn sẹ́yìn. Bí a bá dárúkọ ìnáwó fún ará ọjà, ìsìnkú àti ìgbéyàwó ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí. Ẹ lọ bá a nídìí àtẹ, kí ẹ bi í pé: níbo ni omi ti ń dá ọkọ̀ yín dúró? Níbo ni ẹ ti ń san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

Ní Porto Alegre ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, láti ọdún 1989 ni àwọn ará àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti yan iṣẹ́ tí owó ìlú yóò ṣe. Àdúgbò tí àìní rẹ̀ pọ̀ ni ìwọ̀n tirẹ̀ ń tẹ̀ jù. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: kí a ka èrò tí ń gba ọ̀nà, kí a wo gọ́tà rẹ̀, nítorí ọ̀dà tí kò ní gọ́tà, òjò ni yóò hó o.

Lákòótán, kí ẹni tí ó bèèrè padà wá sọ ìdí tí a fi mú ọ̀nà kan tí a sì fi òmíràn sílẹ̀. Ẹni tí a bá ṣàlàyé fún lè ní sùúrù. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní ń gún.