Ẹ Má Gé Sítáǹpù Kúrò Lára Àpò Lẹ́tà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)

Ọ̀rọ̀ wa kò ní gùn.

Nígbà tí a lọ bá ìyá kan nínú ẹgbẹ́ palẹ̀ ẹrù ọkọ rẹ̀ olóògbé mọ́, a rí agolo bisikíìtì kan tí lẹ́tà àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ti gé sítáǹpù kúrò lára púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti da àpò rẹ̀ nù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lódindi. Sítáǹpù Ìlú Ọba ló wà lára rẹ̀, orí Ọbabìnrin Elizabeth, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ Freetown ni wọ́n lù lé e, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ PAQUEBOT. Àwọn ọmọ ní àṣìṣe ni.

Kì í ṣe àṣìṣe o. Èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀ òkun tí ń kó lẹ́tà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ Elder Dempster, irú Aureol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó, wọ́n sì ń yà ní Freetown àti Las Palmas. Èrò tó bá kọ lẹ́tà lójú agbami lè fi sítáǹpù orílẹ̀-èdè tó ni àsíá ọkọ̀ ránṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní èbúté tó kàn, pósí ọ́fíìsì ibẹ̀ ni yóò lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e.

Bàbá kò kọ ọjọ́ sínú lẹ́tà náà. Àwọn ọmọ kan ní 1956 ni bàbá wọ ọkọ̀ wá, àwọn kan ní 1958. Òǹtẹ̀ ní 1957. Àríyànjiyàn parí. Ìyá gba àpò náà, ó ní, “Kí èyí tó dé bá mi ní Ìbàdàn, mo ti rò pé ó ti gbàgbé mi.”

Àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ìwé aláìsàn tí kò ní ọjọ́, ìdajì ìwé ni. Ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ Windrush tó bẹ́ sílẹ̀ ní 2018: àwọn tó ti ń gbé Ìlú Ọba ṣáájú 1973 ni wọ́n ń bi ní ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ ni kò sì rí ìwé mú jáde mọ́.

Nítorí náà, ẹ tọ́jú àpò lẹ́tà lódindi. Bí a bá gé sítáǹpù, a ti gé ìlú àti ọjọ́ sí méjì. Àwọn tí ń ṣa irú nǹkan báyìí jọ pàápàá, odindi ni wọ́n ń wá. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn àti ọ̀rinrin. Bí ẹ bá fẹ́ kọ àlàyé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé mìíràn.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá ń bẹ lẹ́nu yín, ìtàn ń bẹ nínú agolo. Ẹ gbé méjèèjì wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí àwọn ọmọ lè gbọ́.