Ilẹ̀ Tí A Fi Àpáàdì Tẹ́

 

Ní Pella, nílẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò sílẹ̀ ilé títí ó fi di àwòrán Dionysus, òrìṣà ọtí wọn, tó gun ẹkùn. Ilé-Ifẹ̀ náà tẹ́ ilẹ̀. Àpáàdì ni wọ́n tò ní ìdúró, lẹ́sẹẹsẹ. Ìtàn sọ pé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pa á láṣẹ. Frank Willett wú irú rẹ̀ ní Ìta Yemòó.

Kò sí àwòrán òrìṣà lórí ilẹ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n a bá ìkòkò tí a rì mọ́ àárín àwọn kan, ó jọ pé fún ètùtù ni. Gíríìkì ya òrìṣà kí ojú lè rí i. Ifẹ̀ bọ ilẹ̀ kí ilẹ̀ lè mu.

Ẹni tó bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, tó bá àpáàdì lẹ́sẹẹsẹ, kó dá ọkọ́ dúró, kó pe àwọn àgbà àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí a ṣe tò ó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ẹni tó tú u ká ti pa odù rẹ́ lójú ọpọ́n kí babaláwo tó rí i.