Kí Ni A Ó Sọ fún Olùdìbò Tí Ebi Ń Pa?

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ebi yìí ni àwọn tí ń ra ìbò gbójú lé nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní ọdún 2018, tí gbólóhùn 'Dìbò kí o se ọbẹ̀' fi gbòde. Ó kúrú, ó sì yé tọmọdé tàgbà. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ la aráàlú lọ́yẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ìwé òfin nìkan wọ ọjà. Kí ó ṣírò rẹ̀ fún ìyálọ́jà: ní Ọ̀ṣun, lọ́dún kan náà, ìbò 482 péré ni olùborí fi ṣíwájú ẹnìkejì rẹ̀, èrò ìgbéyàwó kan lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó sì bi olùdíje léèrè, níṣojú ọjà, ohun tí yóò ṣe sí ebi náà. Ọbẹ̀ ọjọ́ ìdìbò kì í di ọjọ́ kejì. Ọdún 4 ni ti ìjọba.