Ta Ni Yóò Sanwó Nọ́ọ̀sì Nígbà Tí Àlejò Bá Lọ?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba lórí ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún ètò ìlera, ní Eko Ende

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó àti oògùn tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè fi ń ran orílẹ̀-èdè bí tiwa lọ́wọ́ lórí ìlera. Nígbà tí a bá dá irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, orí iye owó la máa ń dúró lé: ta ló fún wa, èló ló fún wa, ta ló kó o jẹ. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó gbé ìrànlọ́wọ́ wá bá padà sílé, ta ni yóò máa sanwó òṣìṣẹ́ tó kù sí sẹ́ńtà ìlera wa? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa bá mi gbé kiri nínú gbogbo ohun tí n ó sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara omi. Odò Ọ̀tìn tí àwọn ará Òkukù àti Ìnísà ń ṣọdún rẹ̀ ni wọ́n sé ní Eko Ende, kí omi ẹ̀rọ lè dé Ìkìrun àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ẹni tí kò bá omi ọ̀gọ̀dọ̀ láyé lè má mọ bí èyí ti tóbi tó fún ìlera. Inú ọ̀gọ̀dọ̀ tí a ń pọn mu ni sòbìà ti ń wá.

Àwọn àgbà tó wà níbí mọ sòbìà. Àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán ni, inú mi sì dùn pé orúkọ lásán ni wọ́n gbọ́. Ènìyàn á mu omi tí kòkòrò tín-ín-tìn-ín kan wà nínú rẹ̀, tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Ọmọ sòbìà tó wà nínú kòkòrò náà á wọ inú ara, á máa dàgbà lábẹ́ awọ fún nǹkan bí ọdún kan láìjẹ́ kí ẹni tó gbé e mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á wú, á léròrò, aràn tó lè gùn tó mítà kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ jáde díẹ̀díẹ̀. A máa jó ni lára gan-an. Bí aláìsàn bá wá ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú, ibẹ̀ ni aràn náà ti ń tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi tí gbogbo abúlé ń mu. Àgbẹ̀ tó yẹ kó wà lóko á dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyá ọlọ́mọ kò ní lè dìde bá ọmọ rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé á jókòó sílé.

Nígbà tí Nàìjíríà kà wọ́n láti abúlé dé abúlé láàárín ọdún 1987 sí 1988, àwọn tí sòbìà mú lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ọ̀ṣun wà nínú rẹ̀ títí di oṣù kẹjọ ọdún 1991, wà lára ibi tó ti jà.

Sòbìà kò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ni ìrànlọ́wọ́ wá rà? Ó ra aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Ó ra oògùn Abate tí wọ́n ń dà sí ọ̀gọ̀dọ̀ láti pa kòkòrò inú rẹ̀. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó sì sanwó ìrìnnà àwọn tó ń kọ́ àwọn èèyàn. Ní oṣù keje ọdún 1989, àwọn olùrànlọ́wọ́ péjọ sí ìlú Èkó láti dá owó fún iṣẹ́ náà. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú àjọ rẹ̀, Carter Center. UNICEF wà níbẹ̀, ìjọba Japan náà sì kówó sí i. Nígbà tó yá, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ rí, gbé ẹsẹ̀ sọ́nà, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń bá àwọn ọba àti alága ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí pé ta ló lé sòbìà lọ, n ó ní ẹnì kan ni ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló yàn án. Òun ló mọ ilé tí ẹsẹ̀ ti wú. Òun ló ń di egbò, tó ń rí i pé aláìsàn kò wọ inú omi, tó ń wo aṣọ asẹ́mi bóyá ó ti ya, tó sì ń kọ iye ẹni tó ní in ránṣẹ́ lóṣooṣù. Oṣù tí kò bá sí ẹnì kankan, yóò kọ òdo ránṣẹ́. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe èyí. Ẹni tí sòbìà mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ará abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Enugu, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fún wa níwèé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán ní ọdún 2013. N kò mọ ìrànlọ́wọ́ mìíràn láyé mi tí èso rẹ̀ hàn tó báyìí, ohun tó sì jẹ́ kó so ni pé ẹnì kan wà ní ìdí igi náà lójoojúmọ́.

Ìsédò tó gbà wá lọ́wọ́ omi ọ̀gọ̀dọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀ náà. Omi tó bá dúró, tí koríko hù sétí rẹ̀, ibẹ̀ ni ìgbín omi kéékèèké fẹ́ràn, inú ìgbín yẹn sì ni kòkòrò tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀ ti ń dàgbà. Ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló máa ń wọ̀ lára, àti apẹja, àti obìnrin tó ń fọṣọ létí omi. Wọ́n rí i ní ìsédò Akosombo ní orílẹ̀-èdè Gana, wọ́n sì rí i ní Ìlìé lẹ́bàá ìsédò Erinlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Oògùn rẹ̀, praziquantel, ilé iṣẹ́ Merck ti Jámánì ló ń fi tọrẹ nípasẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọ́n sì ń pín in fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Oògùn tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lò ó lónìí tó padà sínú omi lọ́la lè tún kó o. Ta ni yóò máa gé koríko etí omi? Ta ni yóò rí i pé ilé ìwé ní ṣáláńgá àti omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, kí ọmọ má baà máa lọ sódò? Àlejò kò lè bá wa ṣe ìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985, mọ èyí. Ó mú ohun tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí ní ìpàdé Alma-Ata ní 1978, pé ìlera gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kùkú, ó sì yan ìjọba ìbílẹ̀ 52 láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ òkèèrè, àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ó gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Owó ìjọba ìbílẹ̀ di ohun tí kì í dé ilé. A kò sì tíì gbàgbé pé láti ọdún 2015, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yìí gba àbọ̀ owó oṣù fún ìgbà pípẹ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, oògùn ọ̀fẹ́ lè kún ilé ìpamọ́, kí ẹni tí yóò fún aláìsàn má sì sí lórí àga.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn wá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà tó ń mú ọmọ aráyé, Nàìjíríà ló wà. Wọ́n pín àwọn ìpínlẹ̀ fún àwọn olùrànlọ́wọ́. Ní Ọ̀yọ́, ètò ìjọba Amẹ́ríkà lórí ibà ni. Ní Ọ̀ṣun wa, Global Fund ni, àpò tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń dá owó sí láti 2002. Ìyẹn ni pé ọmọ ìyá méjì, tí ọ̀kan ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ tí èkejì ń gbé Ìkìrun, ń sùn lábẹ́ àwọ̀n tí àpò owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ààrẹ tuntun ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé kan tó dá ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kìíní oṣù keje, USAID, àjọ ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè ti Amẹ́ríkà tí ààrẹ Kennedy dá sílẹ̀ ní 1961, ti kógbá wọlé. Ìpinnu kan ní Washington, láàárín oṣù díẹ̀, kan ẹni tó ń gba oògùn HIV, kan ẹni tó ń gba oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọn kò sì bi aláìsàn kankan léèrè.

Àwọn àgbà ní aṣọ àyálò kì í yẹni. Bí kò bá fúnni lápá, a ṣò lọ́rùn, rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí sọ pé kí a má gbà á mọ́ rárá. N kò fara mọ́ wọn. Ẹni tó ń lo oògùn HIV kò lè dúró de ìgbà tí a bá tún ilé ṣe tán. Bí ìrànlọ́wọ́ bá wà, kí a gbà á, kí a sì dúpẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Kékeré fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún owó ìlera nínú ìṣúná 2025 nígbà tí Amẹ́ríkà fà sẹ́yìn. Nítorí náà, owó lè wà bí a bá fẹ́ kó wà. Ní ìlú Àbújá, ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí pé wọn yóò máa ya 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná sọ́tọ̀ fún ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú un ṣẹ rí. Nínú náírà ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń ná lórí ìlera ní ilẹ̀ yìí, ó lé ní 70 tó ń ti inú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Ẹ wò ó dáadáa: olùrànlọ́wọ́ tó tóbi jù lọ fún ètò ìlera Nàìjíríà ni ìyá tó ta ewúrẹ́ láti san owó iṣẹ́ abẹ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sínú òfin ní 2015 pé àwọn yóò máa fi 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn ṣe ìrànlọ́wọ́. Ní 2021 wọ́n dín in kù sí 0.5, wọ́n sì ti kéde pé yóò di 0.3 ní 2027. Láàárín àkókò kan náà, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí Nàìjíríà kọ́, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lé ní 10,000. N kò dá ọmọ tó jápa lẹ́bi. Owó oṣù tí kò tó jẹun kò ṣeé dúró tì. Ṣùgbọ́n owó tí a fi kọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí àwa náà ń ṣe fún wọn. Ó yẹ kí àwọn tó ń jókòó ṣàdéhùn lórúkọ wa sọ èyí jáde ní gbangba, kí wọ́n sì béèrè pé kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wa kọ́ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí kún ohun tí a ní.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sí wọ́ọ̀dù wa. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí àpò kan fún ìlera ìpìlẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi í sínú ìṣúná. Àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkèèrè náà ń kówó sínú àpò yìí. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ wà fún adójútòfò ìlera àwọn tí kò lówó, èyí tó pọ̀ nínú ìyókù sì wà fún sẹ́ńtà fúnra rẹ̀: oògùn, àtúnṣe, òṣìṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní wọ́ọ̀dù 332, ohun tí ètò náà sì là kalẹ̀ ni pé kí sẹ́ńtà kan, ó kéré tán, wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí owó yóò máa wọ àkáǹtì rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nǹkan bí 300,000 náírà ni lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ ó lè ra oògùn ibà, ó lè tún òrùlé ṣe, ó lè gba agbẹ̀bí tí yóò máa sùn síbẹ̀ lóru.

Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wà nínú ètò náà láti máa mójú tó bí wọ́n ṣe ń ná an. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tiwa. Mo bẹ Kábíyèsí kí wọ́n bá wa pè wọ́n jọ, ní Eko Ende níbí, ní Ìkìrun, ní Ìnísà, ní Òkukù. Kí wọ́n lẹ iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi rà mọ́ ara ògiri sẹ́ńtà, ní Yorùbá, ní lẹ́tà ńlá, kí ìyá tó gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára lè kà á. Kí wọ́n kọ orúkọ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru sí i, àti oṣù tí owó rẹ̀ dé kẹ́yìn. Bí kò bá dé, kí wọ́n kọ òdo, bí àwọn tó lé sòbìà lọ ṣe ń kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ kí n bá wọn ka ìwé owó náà, kí n sì túmọ̀ ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ sí Yorùbá, mo ti ṣetán.