Ara Ta Ni A Ó Fi Ṣe Ìwádìí?

Ọ̀rọ̀ William Harrington ni mo fẹ́ sọ, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tí ó fi ara òun tìkára rẹ̀ wádìí àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan ní ọdún 1950. Onímọ̀ èdè ni mí, n kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìwádìí náà gbé dìde kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: bí a bá fẹ́ mọ ìdí àìsàn, ara ta ni a ó fi dán an wò?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ a dà. Láìpẹ́, a dì, a sì dá. Lára àwọn ohun tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní platelet. Giulio Bizzozero ni ó ṣàlàyé iṣẹ́ wọn ní ìlú Turin, ní Ítálì, ní ọdún 1882. Nítorí pé wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, èmi yóò pè wọ́n ní amẹ́jẹ̀dì. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń wá, wọn a sì máa lo nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá pín lítà ẹ̀jẹ̀ kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, amẹ́jẹ̀dì inú ìpín kan ṣoṣo a máa tó 150,000 sí 450,000 lára ẹni tí ó lera.

Àìsàn kan wà tí í máa dín wọn kù. Àmì pupa bí orí abẹ́rẹ́ a máa yọ sí aláìsàn lára, imú rẹ̀ a máa ṣẹ̀jẹ̀; bí ó bá le, ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ọpọlọ, kí ó sì ti ibẹ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀. Awuyewuye pọ̀ lórí ohun tí ń fà á. Àwọn kan ní mùdùnmúdùn egungun ni kò pèsè amẹ́jẹ̀dì tó. Paul Kaznelson, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìlú Prague, gbà ní tirẹ̀ pé ọlọ inú, ẹ̀yà ara tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, ni ó ń pa wọ́n run. Ní ọdún 1916, ó dámọ̀ràn pé kí a yọ ọlọ inú obìnrin kan tí àìsàn náà ń bá jà. A yọ ọ́, ara obìnrin náà sì yá. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kò tán.

Ní ilé ìwòsàn Barnes, ní ìlú St. Louis, Harrington àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, James Hollingsworth, rò ó pé bí ohun kan bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí ń pa amẹ́jẹ̀dì, yóò pa ti ẹni tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ Harrington bá ti obìnrin kan tí ń gba ìtọ́jú mu. Wọ́n fa ìlàjì lítà ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà sí i lára. Láàárín wákàtí mélòó kan, iye amẹ́jẹ̀dì rẹ̀ já wálẹ̀, kò tó 10,000 mọ́. Gìrì mú un. Àmì pupa yọ sí i lára. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí iye náà tó padà sípò.

Ẹ wo bí èsì náà ti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Bí ó bá ṣe pé mùdùnmúdùn egungun ni ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, amẹ́jẹ̀dì tí ó ti wà nílẹ̀ ì bá ṣì lo ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó tán. Èyí tí ó tán láàárín wákàtí, a jẹ́ pé nǹkan ni ó ń pa á. Harrington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì yìí jáde ní ọdún 1951. Àwọn olùwádìí mìíràn fi hàn lẹ́yìn náà pé lára àwọn èròjà tí ara fi ń gbógun ti àrùn ni apani náà wà. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ìmọ̀ yìí ni ìtọ́jú òde òní dúró lé: oògùn tí ń rọ ààbò ara lójú wà, àti èyí tí ń ran mùdùnmúdùn lọ́wọ́ láti pèsè amẹ́jẹ̀dì sí i.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Harrington ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ kan náà, láti ọdún 1932 títí di 1972, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, bí àrùn syphilis ti ń jẹ wọ́n run. Wọ́n ń sọ fún wọn pé "ẹ̀jẹ̀ burúkú" ni ó wà lára wọn; nígbà tí oògùn penicillin sì dé, wọn kò fún wọn.

N kò sọ pé kí olùwádìí máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ìgboyà kì í ṣe òfin, ikú olùwádìí kò sì wo aláìsàn sàn. Ohun tí ó ya ìwádìí méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé Harrington mọ ohun tí ó ń wọ inú iṣan rẹ̀. Àwọn ará Tuskegee kò mọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ burúkú" kì í ṣe orúkọ àrùn. Aṣọ ni a fi bo òtítọ́ lójú.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a kò ṣàlàyé fún ní èdè tí ó yé e kò tí ì fún wa ní àṣẹ, bí ó tilẹ̀ tẹ ìka sí ìwé. Nítorí náà ni mo fi ń wá orúkọ bí amẹ́jẹ̀dì. Bí ẹ bá rí èyí tí ó sàn jù ú lọ, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á fi aláìsàn sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè ohun tí a fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe.